Ta Ni Yóò Di Ẹsẹ̀ Màlúù Mú?

Lásìkò tí wọ́n bá ń se ẹyìn ní Ahoyéyé, ìlú wa, kò sí ibi téèyàn lè sá sí tí òórùn epo kò ní bá a. Ó máa ń wọ inú aṣọ, ó máa ń wọ inú irun, kódà omi inú àmù á máa gbóòórùn rẹ̀. Òórùn yẹn ló gba gbogbo agboolé wa lọ́jọ́ tí a sin ìyá wa. Oòrùn ti mú láti òwúrọ̀, ilẹ̀ pupa ti gbẹ, eruku sì ń bo ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó ń wọlé. Títí di òní, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń se epo, àyà mi máa ń já díẹ̀ kí n tó rántí pé ọ̀rọ̀ náà ti tán.

Tíṣà ni mí. Ẹ̀kọ́ fílósófí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì ìkẹyìn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Pobẹ̀, iṣẹ́ yẹn náà ni mo sì ń ṣe nígbà tí ìyá wa kú. Lọ́dọọdún ni a máa ń dé orí ẹ̀kọ́ tó dá lórí ẹ̀sìn àti àwùjọ. Mo máa ń sọ fún wọn pé àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbà pé ẹ̀sìn ló ń so èèyàn pọ̀, pé nígbà tí àwọn èèyàn bá péjọ láti sìn, ìṣọ̀kan ara wọn gan-an ni wọ́n ń bu ọlá fún láìmọ̀. Àwọn mìíràn ní rárá, irinṣẹ́ alágbára ni, òun ló fi ń mú kí aláìní gba ìyà mọ́ra. Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á fi ṣe ìdánwò, èmi náà á gba owó oṣù mi. Kò sí èyí tó kàn mí lára nínú rẹ̀.

Ilé wa jẹ́ irú ilé tó pọ̀ lágbègbè wa, tí ẹlẹ́sìn mẹ́ta ń jẹun nínú àwo kan. Àbúrò bàbá wa tó jẹ́ olórí ẹbí kò fi òrìṣà àwọn baba rẹ̀ sílẹ̀ rí. Ìyá wa àti àwa ọmọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìbátan wa kan ní Sakẹ́tẹ́ sì jẹ́ Mùsùlùmí, ibẹ̀ náà ni àbúrò mi obìnrin wá lọ́kọ sí, sílé àwọn oníṣòwò, tí òun náà fi di Mùsùlùmí. Nítorí èyí, a ní àṣà kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹran tí gbogbo ẹbí bá máa jẹ níbi ìsìnkú, Mùsùlùmí ló ń di ọ̀bẹ mú, kí ó lè ṣe bisimílà sí i. Olórí ẹbí ló ń gbẹ́ ihò tí ẹ̀jẹ̀ máa dà sí, kí ilẹ̀ àwọn baba lè gba tirẹ̀. Àkọ́bí ọkùnrin olóòkú ló sì ń di ẹsẹ̀ ẹran mú, kí gbogbo ayé lè rí i pé ọmọ ló ń sin òbí rẹ̀. Ẹnì kan kì í gba iṣẹ́ ẹnì kejì ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni àkọ́bí. Ó ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì ìyá wa nígbà yẹn, ó ti di díákónì nínú ìjọ tuntun kan ní Pobẹ̀, pásítọ̀ wọn sì ti là á yé wọn pé ẹni tó bá lọ́wọ́ sí ẹran tí wọ́n gbàdúrà mìíràn lé lórí ti ba ara rẹ̀ jẹ́. Bí a ṣe jókòó ṣètò ìsìnkú ló ti sọ tirẹ̀.

“Mi ò ní di ẹsẹ̀ ẹran yẹn mú. Ẹ pa á lórúkọ Jésù, ẹni tó bá fẹ́ jẹ á jẹ.”

Mo bi í pé, “Àwọn àna wa ńkọ́?”

“Ìrẹsì wà,” ó wí.

Ìrẹsì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àna tó wá sin òkú tí kò fẹnu kan ẹran ilé olóòkú ti sọ pé òun kò bá ilé yẹn tan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò mi pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ bí ti ẹni tó ń sá fún etí ẹlòmíràn. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, ilé kèfèrí ló máa ń pe ilé wa. Bàbá ọkọ rẹ̀, ààfáà àgbà, nìkan ló dúró tì í, òun náà ló sì ti ṣèlérí pé òun fúnra òun ni yóò wá dú màlúù ìyá wa.

“Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá dá bàbá padà báyẹn, mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́ nílé yìí. Ọkọ mi ti ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, èmi àtàwọn ọmọ ò ní tẹ Ahoyéyé mọ́.”

Mo gbéra lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀sìn àti àwùjọ ni mo tò fún un létí. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí, ó ní, “Tíṣà, mi ò sí ní kíláàsì yín o.” Inú bí mi débi pé mo jáde nílé rẹ̀ láìmu omi. Ọ̀dọ̀ olórí ẹbí ni mo gbà lọ, mo ní kí ó yan ẹlòmíràn láti di ẹsẹ̀ ẹran mú. Ó ń ki tábà rẹ̀, kò tilẹ̀ wò mí.

“Ihò ni tèmi, mo máa gbẹ́ ẹ. Ìwé yovó, ìwé òyìnbó tí o kà, ṣé kò sọ fún ọ pé a kì í bá àkọ́bí jẹ́ àkọ́bí?”

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé ọjọ́ ìsìnkú láìmọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. A ti kúrò nídìí sàréè, wọ́n ti so màlúù mọ́ ìdí igi òroǹbó. Àwọn àna wa dé láti Sakẹ́tẹ́, ìyá ọkọ àbúrò mi sì jókòó sí etí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí itan, bí ẹni tí kò ní pẹ́. Àwọn ọkùnrin dá màlúù náà dùbúlẹ̀, wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta, wọ́n fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sílẹ̀ fún ọmọ olóòkú gẹ́gẹ́ bí àṣà. Olórí ẹbí dúró ti ihò rẹ̀. Ààfáà ká apá aṣọ sókè, ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

“Ọmọ olóòkú dà?” ó bèèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú kóòtù dúdú rẹ̀, ó káwọ́ gbera, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ẹ̀rù bà mí ju bó ṣe bà mí lọ́jọ́ tí ìyá wa kú. Mo rí i tí ìyá ọkọ àbúrò mi dìde, tó tún ìró rẹ̀ ró, tó sì ń fi ojú wá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

Nígbà náà ni àbúrò mi rìn jáde láàárín àwọn obìnrin. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú híjáàbù funfun rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹsẹ̀ màlúù náà mú. A kò rí i rí kí obìnrin ṣe bẹ́ẹ̀. Màlúù náà ta ìpá kan, ó gbé e ṣánlẹ̀, ṣùgbọ́n àbúrò mi kò jáwọ́. Màlúù tún ta á, pátákò rẹ̀ sì kọjá lẹ́bàá ojú rẹ̀.

Mi ò rí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kàn rí i níbẹ̀, tó ti fi ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ àbúrò rẹ̀.

“Kúrò níbẹ̀.”

Àbúrò mi kò kúrò.

“Mo ní kúrò. Mo ti dì í mú.”

Ó wá yẹra. Mo wà nítòsí débi tí mo fi gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ lábẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ojú dídì: Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run ni. Ààfáà náà gbọ́ ọ. Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀ dání, ó sì dúró dè é títí ó fi ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ló ṣe bisimílà tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì dà sínú ihò.

Ìyá ọkọ àbúrò mi padà jókòó. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ pé, “Lọ fọ ọwọ́ rẹ kí o wá bu oúnjẹ fún mi,” ó sì jẹ ẹran.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe fún pásítọ̀. Wọ́n gba ipò díákónì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kí ó máa jókòó sẹ́yìn, kí ó má sì jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Kò bá wọn jà, kò sì fi ìjọ sílẹ̀. Èmi ni inú ń bí. Lọ́jọ́ kan mo bi í bóyá ó ti wá rí i pé ohun tó ṣe ló tọ́.

Ó ní, “Kò tọ́. Mo ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí màlúù yẹn bá tún wà nílẹ̀, tí àbúrò mi sì wà nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀, màá tún bọ́ sílẹ̀.”

Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá gbà fún ẹbí, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló fúyẹ́. Ìgbàgbọ́ ẹ̀gbọ́n mi kò fúyẹ́ rárá, ó gbé e lọ́wọ́ títí dé ìdí màlúù. Àbúrò mi ṣì ń mú àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí Ahoyéyé, wọ́n sì ń pariwo káàkiri agboolé. Bí mo bá ń wò wọ́n, mo máa ń rántí pé ẹnì kan gbà láti jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ níwájú Ọlọ́run rẹ̀ kí wọ́n lè máa wá, kò sì tíì fi ṣe wá níregun rí.