Fìlà Ẹtù Méjì Láti Ara Aṣọ Kan

Èmi kì í gba fìlà tí kò ní ẹlẹ́rìí. Òfin tí mo fi lélẹ̀ fún ara mi nìyẹn láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó fìlà àtijọ́ jọ, nígbà tí mo ṣì ń sáré ìròyìn kiri Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fún mi ní fìlà, mo ní láti bá ẹni tó mọ orí tó wà lábẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tó bá sọ ni mo máa kọ sínú ìwé pélébé kan, bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde gẹ́lẹ́, màá sì ká ìwé náà sínú fìlà. Yàrá kan nílé mi ní Lafiaji ti kún fún wọn.

Fìlà òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ká ìwé ìròyìn sí nínú yíká. Ọmọ ẹni tó ni ín sọ fún mi pé: "Òkìríkà ni bàbá mi rà, ó sì tóbi jù wọ́n lọ. Bí ìwé ìròyìn bá ti rọ̀, wọ́n á ká òmíràn sí i. Àwọn nìkan ni mo mọ̀ tó ń fi orí ka ìròyìn." Abetí ajá kan wà tí eku ti jẹ etí rẹ̀ kan tán. Ẹni tó ni ín kò yéé dé e. Ó ní ajá tí etí rẹ̀ kan gé ṣì ń gbọ́ràn. Akẹtẹ̀ apẹja kan tún wà. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e lé mi lọ́wọ́: "Ẹ máa gbé e lọ jàre. Orogún mi ni. Bí òjò bá ṣú, akẹtẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbé wọlé kó tó rántí pé èmi náà wà níta."

Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kò sí nínú yàrá náà, kò sì ní dé ibẹ̀ láéláé.

Ọjọ́ Ajé kan ni, mo gbé fìlà kan tó ya lọ sọ́dọ̀ aránfìlà tó ń bá mi tún wọn ṣe. Ẹnu ọ̀nà agbo ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ibi tí bàbá rẹ̀ ti ránṣọ ṣáájú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún. A ṣì ń kí ara wa lọ́wọ́ ni Àlájà kan wọlé tòun ti báàgì ọ̀rá lọ́wọ́. Obìnrin tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún ni, ó ń ta aṣọ lójú pópó lẹ́yìn ibẹ̀. Ó tú ọ̀rá náà, ó yọ fìlà ẹtù kan síta, dúdú rẹ̀ ṣì jin dáadáa.

"Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n máa so yìgì ọmọ mi," ló wí. "Fìlà bàbá mi nìyí. Kò wọ̀ ọ́ lórí. Ẹ bá mi tú u, kí ẹ fi aṣọ kún un."

Aránfìlà gbà á, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. "Orí ọmọ yín mà tóbi o, Àlájà."

"Ọpọlọ ló kún inú ẹ̀. Ẹ ṣáà bá mi tú u."

Mo béèrè ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ fìlà yẹn. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, bíi pé mo béèrè ìdí tí ẹja fi ń wà lódò. Ó ní nínú agbo ilé àwọn, ọkùnrin tó bá jẹ́ àkọ́bí, fìlà bàbá àgbà rẹ̀ ló máa ń dé lọ síbi yìgì. Ọkọ òun kì í ṣe ọmọ Èkó, àṣà fìlà ò sí lọ́dọ̀ wọn. "Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Wọn ò fi fọ́tò sílẹ̀. Ilé tí bàbá mi kọ́, wọ́n ti wó o. Fìlà yìí nìkan ni mo lè fi sọ pé wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Aránfìlà ti mú àlùmọ́gàjí. Èmi wá bi í ní ìbéèrè tí mo máa ń bi gbogbo ẹlẹ́rìí mi, nítorí pé mi ò lè pa ẹnu mọ́: "Apá wo ni wọ́n máa ń gẹ fìlà sí?"

Àlájà ò rò ó rárá. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé etí rẹ̀ ọ̀tún kó tó dáhùn. "Ọ̀tún ni. Kókó kan wà létí wọn ọ̀tún, wọn ò fẹ́ kí èèyàn máa wò ó. Àwa ọmọ nìkan ni wọ́n ń jẹ́ ká fọwọ́ kàn án."

Aránfìlà gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Ó dé fìlà náà lé ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó gbé ojú rírán rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì yí i sí ìmọ́lẹ̀. Ẹtù kì í gbàgbé. Ibi tí èèyàn bá ti ń ṣẹ́ ẹ po lọ́dún kan dé òmíràn, dúdú rẹ̀ á ṣá níbẹ̀, á di ìlà funfun tín-ín-rín. Ìlà náà hàn gbangba lára ti Àlájà.

"Apá òsì ni ẹni tó dé eléyìí ń gẹ̀ ẹ́ sí," ni aránfìlà wí.

"Bóyá wọ́n máa ń yí i po nígbà mìíràn."

"Ìpàkọ́ ni ojú rírán ń gbé, Àlájà. Ẹni tó bá gbé e síwájú orí, àwọn ọmọdé á tẹ̀lé e dé ọjà."

Àlájà ò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀yin akọ̀ròyìn yìí, kí lẹ tiẹ̀ wá ṣe níbí lónìí?"

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti bi ní ìbéèrè apá tí wọ́n ń gẹ fìlà sí, kò tíì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Àlájà jókòó sórí àpótí. "Fìlà ta ni mo wá ń fi káńfọ̀ sí lọ́dọọdún?"

Aránfìlà yí inú fìlà náà síta. Okùn pupa ni wọ́n fi rán an. "Ọwọ́ bàbá mi nìyí. Òun nìkan ló ń lo okùn pupa nínú ẹtù." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. "Méjì ni wọ́n. Ọ̀rẹ́ méjì gbé aṣọ kan wá, wọ́n ní ká gé fìlà méjì nínú ẹ̀. Èmi ni mo wọn orí wọn. Orí ọ̀kan tó ìkòkò, ti èkejì ò ju àgbọn lọ. Mo rẹ́rìn-ín, bàbá mi sì fojú bá mi wí. Bàbá yín ló ni ìkòkò, Àlájà, ẹ má bínú. Ti ọ̀rẹ́ wọn lẹ gbé wá."

Ọ̀rẹ́ náà ṣì wà láyé. Ó ti kó kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó tipẹ́, Lafiaji ló ń gbé. Nígbà tí aránfìlà júwe ilé, mo ti mọ ẹni náà. Bàbá tí mo máa ń kí láràárọ̀ lórí bẹ́ńṣì rẹ̀ ni, ilé mẹ́ta péré sí tèmi. Mi ò bi í ní nǹkan kan rí, àfi àlàáfíà.

Àlájà mọ̀ ọ́n. "Wọn ò wọ ilé wa mọ́ lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Ìyá mi ní wọ́n ti gbàgbé wa."

Lọ́jọ́ kejì, àwa méjèèjì lọ bá a. Ó ti ń lọ sí àádọ́rùn-ún ọdún, ó gbẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú. Àlájà kúnlẹ̀, ó sọ ọmọ ẹni tí òun jẹ́. Kó tó tú ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá náà ti ń wo ọ̀rá ọ̀hún.

"Ṣé fìlà mi lo gbé wá?"

"Òun ni, sà."

"Ẹ pẹ́."

Mo yọ ìwé mi síta. Ó ní kí n kọ ọ́ dáadáa, pé òun ò ní tún un sọ. Báyìí ló ṣe sọ ọ́:

"Èmi àti bàbá ẹ jà. Ọ̀rọ̀ omi òjò ni. Òrùlé mi ń da omi sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní kí n yí òrùlé padà, mo ní kó yí ẹnu ọ̀nà padà. Olórí kunkun ni bàbá ẹ. Èmi náà, mi ò ní parọ́. Oṣù méje la ò fi kí ara wa, nínú agbo ilé kan náà. Ní Jímọ̀ kan, baálé ilé wa pè wá. Ó ní ká ṣí fìlà. Ó gbé tèmi lé e lórí, ó gbé tiẹ̀ lé mi lórí. Ó ní ká máa dé e bẹ́ẹ̀ di Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ká kírun pẹ̀lú ẹ̀, ká wá dá a padà fún ara wa níwájú mọ́ṣáláṣí. Bí wọ́n ṣe ń parí ìjà lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Fìlà ẹlòmíràn kì í jókòó lórí èèyàn. Á máa rán ẹ létí. Tèmi ń fún bàbá ẹ lórí, ó ń bú mi. Tiẹ̀ ń já bọ́ lójú mi, mò ń bú òun náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín la fi ń bú ara wa."

"Nígbà tí Jímọ̀ náà wá dé ńkọ́?" ni mo béèrè.

"Àlàrùba ló kú."

Àlájà ní: "Kí ló dé tí ẹ ò gbé tiwọn wá, bàbá?"

"Kí n gbé e wá báwo? Kí n gbé fìlà òkú wọlé tọ opó, kí n ní kó bá mi mú tèmi? Mo ní ó di ọjọ́ kẹjọ. Ó di ogójì. Ó di ọdún. Nígbà tó yá, ojú ló ń tì mí."

Ó wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì gbé fìlà kan jáde nínú táwẹ́ẹ̀lì. Ẹtù kan náà, okùn pupa kan náà. Ọ̀tún ni ìlà funfun rẹ̀ wà. Àlájà wò ó títí. Mo rò pé yóò sunkún.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ló wí. "Tiyín ni mo mọ̀."

Ó na ọwọ́ sí i, bàbá náà fà á sẹ́yìn. "Rárá. Jímọ̀ ni wọ́n ní. Kí ọmọ ẹ dé tèmi wá kírun."

"Kò wọ̀ ọ́ lórí, sà."

"Kò wọ bàbá ẹ náà lórí. Kó máa fún un."

Nígbà tí a jáde, a rìn dé ìkóríta. Níbẹ̀ ni Àlájà ti dúró. "Ẹni àkọ́kọ́ kú ní Àlàrùba. Ọ̀la ni Àlàrùba. Bí bàbá yìí bá lọ, ta ló máa gbé fìlà náà fún mi? Ṣé àwọn ọmọ wọn ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pè mí lórí fóònù. "Ẹ bá mi yọjú sí wọn." Mo lọ. Bàbá ń mu ẹ̀kọ. "Sọ fún un pé mi ò tíì kú." Lọ́sàn-án, ó tún pè, mo tún lọ. "Sọ fún un pé oorun ni mò ń sùn." Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́, kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ó kàn gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní kí n wò ó dáadáa, kí n lọ jíṣẹ́.

Jímọ̀ dé. Nígbà tí wọ́n kírun tán, mo dúró síta pẹ̀lú Àlájà. Ọmọ rẹ̀ jáde, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan, fìlà náà gun orí rẹ̀ bí ẹyẹ tó fẹ́ fò. Bàbá náà jáde tẹ̀lé e, fìlà bàbá Àlájà bò ó dé ìpéǹpéjú. Àwọn tó ń wá bàtà wọn dúró ń wò wọ́n.

Bàbá ṣí fìlà orí rẹ̀, ó gbé e fún un. "Mo dá a padà fún ọ."

Ọmọ náà kàn dì í mú lọ́wọ́. Àlájà pariwo láti ẹ̀yìn: "Sọ pé o gbà á."

"Mo gbà á, sà. Mo dá tiyín náà padà."

"Mo gbà á. Ó ti tán."

Ọmọ náà ń fọwọ́ ra iwájú orí, níbi tí fìlà ti fi àmì sí. Mo bi bàbá, nítorí pé iṣẹ́ mi nìyẹn, bóyá yóò fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan. "Orí mi ṣì wà nínú ẹ̀," ló wí, ó sì dé e.

Àlájà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí yanrìn, ó ní kó jọ̀ọ́ wá síbi yìgì náà, kó jókòó sípò bàbá òun. Bàbá ní rárá, òun ò ní jókòó sípò ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n gbé àga méjì síwájú.

Wọ́n gbé e. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí àlùfáà ti bẹ̀rẹ̀ wàásù, ọkùnrin kan tó pẹ́ dé ń wá ibi tó máa jókòó sí. Ó fẹ́ fa àga kejì. Bàbá náà gbé ọwọ́ lé e.

"Ẹnìkan wà níbẹ̀," ló wí.

Ọkùnrin náà wo àga, ó wo bàbá, ó kí i, ó sì lọ dúró lẹ́yìn.