Gíà Tí A San Owó Ibodè Lé Lórí

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún mi pé olóòótọ́ kì í tẹ́, màá wò ó lójú, màá sì bi í bóyá ó ti ra gíà ọkọ̀ láti ilẹ̀ Faransé rí.

Onímọ́tò ni ọkọ mi ní Ṣakí. Bọ̀lẹ̀kájà kan ṣoṣo la ní. Òun la fi ń kó iṣu láti Ìgbòho, òun la fi ń kó gàrí láti Ìgànná, òun náà ló ń rán àwọn ọmọ wa níléèwé. Kí ó tó rà á, ọdún gbọọrọ ló fi wakọ̀ fún olówó tó ń bú u níṣojú èrò. Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà di tirẹ̀ ló búra pé òun ò ní di dírẹ́bà ẹnikẹ́ni mọ́ láyé òun.

Lọ́dún kan, lásìkò tí gbogbo wa ń tò fún ọṣẹ àti ṣúgà, gíà ọkọ̀ yìí kú sójú ọ̀nà Ìgbòho tòun ti iṣu lẹ́yìn. Mẹkáníìkì tú u wò, ó ní eyín inú rẹ̀ ti jẹ tán. Kò sí irú rẹ̀ ní Ṣakí, kò sí ní Ìṣẹ́yìn, kò sí n'Íbàdàn pàápàá. Àwọn tó ń kó o wọ̀lú ò rí ìwé àṣẹ ìkẹ́rùwọ̀lú gbà lọ́wọ́ ìjọba mọ́. Mẹkáníìkì ní bí a bá lè dé Párákú, nílẹ̀ Faransé lódìkejì ibodè, a ó rí àlòkù rẹ̀ rà.

A lọ, a sì rí i rà. Gbogbo ayé ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọ Ṣakí. Ọ̀nà igbó pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju ọ̀nà ọ̀dà lọ. Wọ́n á dè é mẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó di ilé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ mi. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó mu ọtí nínú ààwẹ̀.

Ó ní, “Ìyá àwọn ọmọ, ọkọ̀ tó ń gbé ẹ̀mí èèyàn! Mi ò ní fi haraamu sí i nínú. N ó san owó ibodè.”

Mo ní, “Bàbá wọn, àwọn tó ń ṣe fàyàwọ́ ńkọ́? Ṣé ọkọ̀ tiwọn ò rìn ni?”

Ó ní kálukú ni yóò jíhìn tirẹ̀. Orí ọkùnrin yìí le, ẹ jàre.

Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bí i. Nílé wọn, irin tó bá ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìbáà ṣe ọkọ́, ìbáà ṣe àdá, wọn kì í gbé e wọlé bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi òrí pa á, kí irin lè gbàgbé ọwọ́ tó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀. Kí a tó kúrò ní Párákú, ọkọ mi tọrọ omi àti ọṣẹ dúdú, ó jókòó sílẹ̀, ó fọ gíà yìí bí ẹni wẹ ọmọ tuntun. Ó fi kàn-ìn-kàn-ìn ha gbogbo girísì ọjọ́ pípẹ́ kúrò, ó wá fi òrí pa á títí ó fi ń dán. Inú rẹ̀ dùn. Èmi náà tiẹ̀ yìn ín.

A dé ibodè, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù tú àpò. Ó fi ìka kan gíà náà, ó wo ìka rẹ̀, ó ní, “Bàbá, tuntun lèyí.”

Ọkọ mi ní, “Rárá o, àlòkù ni. Mo fọ̀ ọ́ ni.”

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ fọ̀ ọ́? Ta ló ń fọ gíà?”

Kì í ṣe èèyàn burúkú, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó kéré sí wa lọ́jọ́ orí, ó sì ń fi ọ̀wọ̀ bá wa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ tí àwọn èèyàn ń pa fún un látàárọ̀ ti dí i létí. Ó ní owó ibodè ohun tuntun yàtọ̀, pé ó sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Wọ́n ṣí ìdérí gíà láti yẹ inú rẹ̀ wò, wọn ò dé e padà. Ilé ẹrù wọn ti kún, wọ́n bá gbé e sẹ́yìn ọ́fíìsì, níta gbangba. Mo fa ọkọ mi láṣọ pé kó wá nǹkan fi sí wọn lọ́wọ́. Ó ní kí n dákẹ́.

Bó ṣe di èrò Ìbàdàn nítorí ìwé àṣẹ nìyẹn. Ọ́fíìsì yìí á ní kó lọ sí tọ̀hún, tọ̀hún á ní ẹni tó máa fọwọ́ sí i ò sí ńlé. Iṣu inú àká lọ sí i, ewúrẹ́ lọ sí i, òfì tí mo rà ní Ìṣẹ́yìn nígbà ìgbéyàwó mi lọ sí i. Ọmọ wa àgbà ní òun ò lọ sílé ìwé mọ́, òun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ta ló fẹ́ dá a dúró? Òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti ṣú, ọkọ mi á jáde síta, á máa wo apá ibodè. Mo mọ ohun tó ń rò, nítorí èmi náà ń rò ó.

Nígbà tí ìwé wá pé, a san owó gíà tuntun, a san án tán pátápátá. Wọ́n ti gbé ọ̀gá àkọ́kọ́ lọ sí ibòmíràn. Ọ̀gá mìíràn ló mú wa lọ sẹ́yìn ọ́fíìsì. Koríko ti bo gíà. Omi kún inú rẹ̀, ó ti dógùn-ún, ó pọ́n bí erùpẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé irin gbígbó yìí lẹ wá san irú owó yẹn lé lórí?”

Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú síbẹ̀.

Mẹkáníìkì ò pẹ́ nídìí rẹ̀ rárá. Eyín gíà ti lẹ̀ mọ́ra. Ó nu ọwọ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá òmíràn.” Òmíràn! Kí la fẹ́ fi rà á? Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ mi lọ bẹ onímọ́tò kan pé kó gba òun síṣẹ́ dírẹ́bà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó gun ọkọ̀ wa, ó tú bẹ́ǹṣì èrò kan nínú rẹ̀, ó gbé e wá bá mi ní ilé ìdáná.

Mo ní, “Bàbá wọn, kí ni mo fẹ́ fi bẹ́ǹṣì ọkọ̀ ṣe?”

Ó ní, “Ṣáà jókòó lé e.”

Mo jókòó. Òun náà wá jókòó tì mí. Láti ọjọ́ tó ti ra ọkọ̀ náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò jókòó síbi tí èrò ń jókòó sí. Ó bú sẹ́kún, èmi náà ń sunkún.