Omi fún Ọkọ̀ Bàbá Ọkọ Mi

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, bàbá ọkọ mi ni mo máa ń rántí. Kí afárá tó dé orí odò Ọ̀fìkì, àwọn ló ń fi ọkọ̀ igi gbé wa kọjá. Àràárọ̀ ọyẹ́ ni wọ́n ń bu omi sí ọkọ̀ náà, tí wọ́n sọ ní Àbẹ̀kẹ́, lára: “Mu ún, Àbẹ̀kẹ́ mi, má là mọ́ mi lọ́wọ́.”

Afárá dé, wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sí ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí. Lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú wá wòran níbẹ̀, Bàbá tọrọ omi lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ fún ọkọ̀ wọn.

“Bàbá, ṣé òùngbẹ ń gbẹ igi ni?” Ẹ̀ṣọ́ ò fún wọn lómi.

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Kọ ọ́ sínú ìtàn tí ò ń bá mi kọ yìí, ọmọ mi: èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a padà lọ lẹ́yìn ọyẹ́, ọkọ̀ ti là láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bàbá wò ó títí.

“Ìyàwó, mú mi relé.”

Wọn ò dárúkọ odò mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.