Òwò Tí A Ò Tíì Bẹ̀rẹ̀

Bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń fi bírò lu tábìlì, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ kàwé ọrọ̀ ajé ní yunifásítì láyé ọjọ́sí ni mo máa ń rántí, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní ilé-iṣẹ́ oníke kan l'Ọ́tà, gbogbo owó tí wọ́n fún un ló fi ra korobá àti abọ́ oníke, ó kó wọn sí yàrá kan nílé rẹ̀ ní Joju. Àmọ́ kò ní í tà á láìforúkọ òwò náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba.

"Ìgbà wo gan-an?" ni mo máa ń bi í.

Á fi bírò lu tábìlì. "Òwò kì í ṣeré ọmọdé, ọ̀rẹ́ mi. Jẹ́ kí ààwẹ̀ parí ná."

Ààwẹ̀ parí, ó ní ó di ẹ̀yìn Iléyá. Iléyá lọ, ó ní òjò ti pọ̀ jù.

Níkẹyìn, ó forúkọ sílẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù nítòsí Toll Gate Ṣàngó, ó sì pe álífáà. Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù náà, èmi àti ẹ̀ lọ kó ọjà nínú yàrá. Korobá kan ò kù níbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní òun ti ń tà á díẹ̀díẹ̀ fáwọn aládùúgbò. Owó ṣọ́ọ̀bù gan-an tóun fún ọkọ òun, tóun ní òun kó nínú àjọ, ibẹ̀ ló ti wá.

Ọ̀rẹ́ mi figbe ta. "A ò tíì bẹ̀rẹ̀ òwò!"

"Ẹ má bínú, Bàbá Ṣakírù. Àwọn tó ń rà á ò mọ̀."

Nínú ṣọ́ọ̀bù òfìfo, álífáà gbàdúrà pé kí ọjà tà wàràwàrà, kó má kù sílẹ̀. Gbogbo wa ṣe àmín. Ti ìyàwó rẹ̀ ló ròkè jù.