Ohùn Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà ní Ìwó. Aṣọ ni wọ́n ń tà, àǹkárá àti léèsì, wọ́n sì mọ ọjà rà. Síbẹ̀ oníbàárà kì í dúró. Èèyàn á yà síbẹ̀, á fọwọ́ kan aṣọ, kò ní pẹ́ tí á ti bọ́ sí ìsọ̀ kejì. Ìyàwó ọmọ wọn pàápàá, tó ń gbé ní Ìbàdàn, kò tún ẹsẹ̀ tẹ ilé wọn láti ọjọ́ ìkómọ àkọ́bí rẹ̀.

Wọ́n ní ayé ló ń bá àwọn jà. Wọ́n lọ bá ààfáà, wọ́n ṣe sàráà. Wọ́n tẹ̀lé ọ̀rẹ́ wọn kan dé orí òkè àdúrà, bẹ́ẹ̀ mùsùlùmí ni wọ́n. Tí ààfáà tàbí wòlíì bá bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n fura sí, wọn kì í wá orúkọ tì. Obìnrin tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ wọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn.

Èmi ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo nígbà náà. Ní Sátidé kan tí mo wá kí wọn ní ìsọ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ àwọn lórí fóònù. Mo tẹ̀ ẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un. Àdúrà yẹn ló wà lẹ́nu wọn tí obìnrin kan fi wọlé, tó ṣí léèsì kan wò, tó sì béèrè bóyá irú rẹ̀ wà ní àwọ̀ mìíràn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yíjú sí i. Wọ́n bi í bóyá ó ti fọ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ irú wọn, a-wò-má-rà. Èébú náà dé orí ìyá tó bí i. Obìnrin náà rọra gbé aṣọ sílẹ̀, ó jáde.

"Jẹ́ kí n gbọ́ ọ ná kí o tó fi ránṣẹ́," ni wọ́n wí fún mi.

Mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Nígbà tó dé ibi èébú tí fóònù ti gbà mọ́ àdúrà, wọ́n dá mi dúró.

"Ta ló ń pariwo yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Èmi? Tún un ṣe."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣe. Wọ́n jókòó sórí àpótí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ẹni tí mo ti ń wá kiri rèé."

Mo rò pé wọ́n á gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Wọn ò gbàgbé. Wọ́n dìde, wọ́n lọ bá onígàrí, ẹni tó kéré sí wọn púpọ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní, "Mo ti bà ọ́ lórúkọ jẹ́ níbi tí o ò sí. Má bínú. Mo tún fẹ́ kí o bá mi ṣe nǹkan kan. Nígbàkígbà tí ohùn mi bá ròkè sí èèyàn, bá mi lu kóńgò ẹ."

Onígàrí rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. "Ìyá, tí mo bá lù ú, ẹ ò ní pẹ́ bú èmi náà."

"Tí mo bá bú ọ, tún un lù."

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kóńgò ò sinmi. Lọ́jọ́ kan, èébú ti jáde sí obìnrin oníbàárà kan kí kóńgò tó dún. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n sáré tẹ̀lé oníbàárà náà dé ibi tó ti ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Kúta. Obìnrin náà ò gbẹ̀bẹ̀, ó ní kí oníkẹ̀kẹ́ máa lọ.

Nígbà tí wọ́n sọ fún mi lórí fóònù, mo ní ó yẹ kí obìnrin náà gbà, ṣebí wọ́n ti bẹ̀ ẹ́.

"Èmi ni mo bú u," ni wọ́n wí. "Kì í ṣe dandan kó dárí jì mí."

Mo kàwé jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n mi ò nírú ìgboyà bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà tí wọ́n gbà pé ọwọ́ àwọn fúnra àwọn ni ìjà náà ti ń wá, wọ́n sì jókòó kọ́ bí a ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Ó tó ọdún kan kí èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ní ìsọ̀ náà. Àwọn kan ò padà wá títí dòní. Ìyàwó ọmọ wọn ló pẹ́ jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wọkọ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn, wọn ò sì bá a jiyàn nígbà tó ń ka gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ sí i. Iléyá tó kọjá, ó wá, ọjọ́ mẹ́jọ ló sì lò. Mo bá àwọn méjèèjì ní ìsọ̀. Ìyàwó ń ká àǹkárá, ó ń ká a sódì. Mo rí i tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi lanu, tí wọ́n sì tún pa á dé. Wọ́n fa àpótí sún mọ́ ọn, wọ́n ní, "Di etí ibí mú, ká jọ ká a."