Ìlà Kẹta ní Gbégamey

Irin ìlọṣọ ń ṣe ṣíì lórí aṣọ tútù, òórùn èédú gba gbogbo yàrá, Bàbá àgbà sì ń na apá agbádá funfun náà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

“Bàbá, ẹ ò ní jó o báyìí?” ni mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín. “Aṣọ tí màá fi padà sórí àga nìyí. Ta ló ń jó irú ẹ̀?”

Kí n tó gbọ́n ni ó ti jẹ olórí ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ ní Gbégamey, àdúgbò wa. Nígbà tí ipò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ kò bọ́. Gbogbo èèyàn ṣì ń pè é ní Pẹrẹsidán. Igun méjì ló wà nínú ẹgbẹ́ náà. Igun tirẹ̀ àtijọ́ ti fa ẹlòmíràn kalẹ̀ fún ìbò tó ń bọ̀, igun kejì kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ni Bàbá àgbà bá dá igun kẹta sílẹ̀.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìbò ni mo fi ń bá a rìn kiri. A ó dé ẹnu ọ̀nà aránṣọ kan, ìró ẹ̀rọ ìránṣọ á dákẹ́, olúwarẹ̀ á nà gbalaja sílẹ̀: “Pẹrẹsidán wa, ẹ káàbọ̀ o!” Bí a bá padà délé, ojú rẹ̀ á máa dán. “Ṣé o rí i? Tèmi ni gbogbo wọn.”

Ìyá àgbà, tó ń pọ́n ẹ̀kọ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Wọ́n kí yín ni, bàálé mi. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á wá.”

Kò bi wọ́n. Ta ló ń bi ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún un ní irú ìyẹn?

Wọn kì í tẹ̀ka níbi ìbò wọn. Ẹni tí o bá fẹ́ ni wàá tò sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn olùdíje mẹ́ta dúró nínú ọgbà ilé-ìwé kan, oòrùn mú ganrínganrín. Àwọn aránṣọ ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ Bàbá àgbà, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn, obìnrin á kúnlẹ̀, wọ́n á gbọn ara wọn nù, wọ́n á sì lọ tò sẹ́yìn ẹlòmíràn. Ó ń dá gbogbo wọn lóhùn. Arúgbó méjì péré ló tò sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ń wá ibòji ni.

Nígbà náà ni bàbá mi wọlé. Aránṣọ ni òun náà. Igun àtijọ́ Bàbá àgbà ló ń pín aṣọ ilé-ìwé fún un láti rán, iṣẹ́ yẹn la sì fi ń jẹun. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó pẹ́ nílẹ̀, kò lè dìde. Bàbá àgbà bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

“Dìde, ọmọ mi. Lọ tò, àwọn èèyàn rẹ ń retí rẹ.”

Ohùn rẹ̀ tutù bí ìgbà tó bá ní kí n lọ sùn.

Àdúgbò mìíràn tí wọ́n ń pè ní Agblangandan ni mò ń gbé báyìí. Bí rédíò bá sọ pé ààrẹ àná kan níbì kan tún fẹ́ gba inú ẹgbẹ́ òṣèlú tuntun padà sórí àga, àwọn ará àdúgbò á máa fi ṣẹ̀sín. Èmi kì í lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé wọ́n ń kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dáadáa níbi gbogbo tó bá dé. Mo tún mọ̀ pé ìkíni náà kì í ṣe irọ́, àmọ́ ẹni tó ń kí i ti ní ibi tó ti ń jẹun.

Àárò Bàbá àgbà ń sọ mí gan-an. Èmi náà ti bímọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gba ọ̀nà tí ọkàn mi kò bá a lọ, ohùn ọjọ́ yẹn ni mo máa ń wá nínú ọ̀fun mi. Ọjọ́ mìíràn, mo máa ń rí i. Ọjọ́ mìíràn, mo ti pariwo kí n tó rántí.