Atamátàsé Ará Ṣílè àti Àyè Mi Lórí Bẹ́ǹṣì

Mo rántí ìgbà tí orúnkún mi kì í kúrò nílẹ̀ ní Galadimawa. Onítáìlì ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọ̀ṣun dé Àbújá, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa lẹ táìlì sílé àwọn tí kò tíì kó wọlé. Ilé ńláńlá, kò séèyàn. Bí mo bá wúkọ́, ògiri á wúkọ́ dá mi lóhùn. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń wọkọ̀ padà sí Karmo, sínú yàrá kan tí kò ti sẹ́ni tí yóò bi mí pé báwo niṣẹ́. Àwọn aládùúgbò á fi èdè Haúsá kí mi ní sànnu, èmi á dáhùn yauwa, ọ̀rọ̀ wa tán nìyẹn. Ó dùn mí ju bí mo ṣe ń sọ fún ìyá mi lórí fóònù lọ.

Ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo máa ń rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan wà nítòsí wa, onípáànù, tí wọ́n to bẹ́ǹṣì kún. Wọn ò kọ òfin ibẹ̀ sára ògiri, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n: kíláàbù tí o bá ń tì lẹ́yìn ló máa sọ ibi tí wàá jókòó. Tiwa wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ti àwọn ọ̀tá wa wà lósì. Mọkáníìkì àgbà kan, ará Ọ̀yọ́, ni olórí bẹ́ǹṣì wa. Bó bá ṣáájú mi dé, á bọ́ fìlà rẹ̀ lé àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀ títí n ó fi dé. Á ní, “Onítáìlì, o ti jẹun?” Mo lè ti jẹ ẹ̀bà yó nílé o, màá ní rárá, kó lè bu ẹ̀pà rẹ̀ fún mi.

Ká sọ tòótọ́, kíláàbù yẹn gan-an kọ́ ni mo fẹ́ràn. Atamátàsé wọn kan ni, ọmọ ilẹ̀ Ṣílè, kúkurú, tó ki pọ́pọ́. Wọ́n ní ìlú kékeré kan ló ti wá, tó fi ẹsẹ̀ wá oúnjẹ dé ilẹ̀ onílẹ̀. Bí wọ́n bá ti na kíláàbù wa ní ìnà ẹ̀gbin, táwọn yòókù ti ń wolẹ̀, òun á ṣì máa lé bọ́ọ̀lù kiri bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Lẹ́yìn náà á dá dúró láàárín pápá, á kọ́wọ́ lé ìbàdí. Èmi á wí nínú mi pé ẹni bíi tèmi rèé. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín: onítáìlì Karmo ń ṣàánú olówó.

Nínú ọyẹ́ ọdún kan ni ìròyìn dé pé ó ti lọ sí kíláàbù àwọn ọ̀tá wa. Bẹ́ǹṣì wa gbaná jẹ, wọ́n pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Mo gbèjà rẹ̀, mo ní ta ni kò torí iṣẹ́ kúrò nílé nínú wa? Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wọlé, mo rí fìlà bàbá lórí àyè mi, mo sì yà sọ́wọ́ òsì.

Gbogbo ilé pariwo. Bàbá nìkan ni kò pariwo. Ó ní, “Onítáìlì, ṣé ẹni inú tẹlifíṣàn yẹn mọ̀ bóyá o ti jẹun?”

Mo jókòó sáàárín wọn, mo kọjú sí tẹlifíṣàn.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Àjèjì ni mo jẹ́ lápá òsì. Ọmọ Ṣílè ò rí góòlù gbá sáwọ̀n mọ́, èmi ni wọ́n sì ń bá wí: “Kai, wo èèyàn rẹ!” Nígbà tó yá, bẹ́ǹṣì ló ń jókòó sí nílùú òyìnbó, èmi náà wà lórí tèmi ní Karmo, kò sẹ́ni tó ń béèrè wa. Agídí ò jẹ́ kí n yíjú wo apá ọ̀tún.

Ìgbà tí ọmọ Ṣílè kó lọ sí ilẹ̀ mìíràn ni mo tó padà sápá ọ̀tún. Ojú ń tì mí, mo ra ẹ̀pà dání. Bàbá ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yìn ń dùn ún, kò lè wọ abẹ́ mọ́tò mọ́, ó ti padà sí Ọ̀yọ́. Ọkùnrin kan sún fún mi. Ó ní títí bàbá fi lọ, kò yéé bọ́ fìlà sórí àyè náà, pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jókòó, á ní, “Ọmọ mi rìnrìn àjò. Ó ń bọ̀.”

Nọ́ńbà fóònù bàbá tí wọ́n fún mi ò lọ.

Gwarinpa ni mò ń gbé báyìí, mo sì ní tẹlifíṣàn tèmi. Àwọn àgbà ní àgbà tí kò bínú lọmọ rẹ̀ ń pọ̀. Mo mọ̀ pé bàbá ò bínú, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Mo ṣì máa ń ra ẹ̀pà kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. N kì í lè jẹ ẹ́ tán.